Ẹ̀gbẹ́ Funfun Igi Apá

Inú méjì ni igi apá ní, bí a tilẹ̀ ń rí èèpo kan ṣoṣo lára rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ayùn là á yóò kọ́kọ́ bá ẹ̀gbẹ́ funfun pàdé, tí ó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí kòkòrò sì fẹ́ràn bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn ṣúgà. Lẹ́yìn èyí ni yóò tó kan inú pupa. Inú pupa yìí ni ó sọ apá di apá: ikán kì í jẹ ẹ́, omi kì í wú u, oòrùn kì í ká a, ilẹ̀kùn tí a bá fi kàn lónìí yóò ṣì máa wọ férémù rẹ̀ wẹ́kú nígbà tí ọmọ-ọmọ ẹni tí ó kàn án bá ti hu ewú. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ fi ń lò ó fún ọkọ̀ ojú omi, fún àtẹ̀gùn, fún férémù fèrèsé àti fún tábìlì tí a ó jẹ lógún. Ó ní ìyọnu tirẹ̀ pẹ̀lú: ó ń ba eyín ayùn jẹ́, ìyẹ̀ rẹ̀ sì ń mú ni sín títí omi yóò fi bọ́ lójú. Ṣùgbọ́n òfin kan ni ó wà lórí rẹ̀, èyí tí Ọ̀gá fi kọ́ gbogbo ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ogójì ọdún: "Gé ẹ̀gbẹ́ funfun kúrò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìdajì pákó ni yóò bá a lọ."

Ojúlówó, tí ó kọ́ iṣẹ́ káfíńtà lọ́dọ̀ Ọ̀gá, mọ òfin yìí bí ẹni mọ ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀. Àwọn oníbàárà ni wọ́n sọ ọ́ ní Ojúlówó, nítorí pé bí wọ́n bá ti ń bi í léèrè irú igi tí ó fi kan nǹkan, ìdáhùn kan náà ni ó ń fún wọn: "Ojúlówó ni." Orúkọ náà mọ́ ọn lára títí ó fi kọ ọ́ sí iwájú ìsọ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé kan, ó ń fi ìfági fá ojú ilẹ̀kùn nínú ìsọ̀ náà nígbà tí ọmọbìnrin Ọ̀gá wọlé pẹ̀lú aṣọ funfun ilé ìwòsàn lọ́rùn. Nọ́ọ̀sì ni gbogbo ènìyàn ń pè é, bàbá rẹ̀ pàápàá.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bọ̀dá Ojúlówó."

"Káàbọ̀, àbúrò mi. Ṣé ibi iṣẹ́ ni o ti ń bọ̀ ni, àbí ibẹ̀ ni o ń lọ?"

"Mo ń bọ̀ ni. Ẹ má gbé ìyẹ̀ yín sún mọ́ mi, n kò ráyè sín lónìí." Kò jókòó. "Bàbá ṣubú."

Ìfági dúró lójú pákó.

"Nígbà wo?"

"Ó di ọjọ́ kẹwàá lónìí. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Láàárín ilé ìwòsàn sí ilé, ta ni n bá rán? Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, egungun kankan kò ṣẹ́. Ọrùn ẹsẹ̀ ni ó wú, ó sì ti ń fà. Orí àtẹ̀gùn ni. Ó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń gòkè lọ sí yàrá iṣẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yẹ̀. Ó fi gbogbo ara àti àpótí lu ipele keje, ipele náà sì ṣẹ́ sí méjì."

"Ipele keje."

"Ẹ sáà wo agbára arúgbó, tí ó fi ara ṣẹ́ igi apá." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì jáde dáadáa. "Ẹ bá mi ṣe é kí ó tó di Sátidé. Ẹ̀gbọ́n mi ń rán mọ́tò bọ̀ wá gbé Bàbá. Ọ̀dọ̀ wọn ni yóò máa gbé, ilé tiwọn kò ní àtẹ̀gùn."

"Ọ̀gá gbà láti lọ?"

"Ó ní ibi tí a bá gbé òun sí ni òun yóò wà. Ṣé ẹ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí? Ẹni tí ó bá bíríkìlà jà lọ́jọ́ méjì nítorí ìwọ̀n èékánná kan. Dókítà ní kí ó máa rìn, kò rìn. Láti orí àga dé ilé ìwẹ̀, ògiri ni ó ń dì mú bí olè. Kò gba ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́ mọ́, Bọ̀dá."

Nígbà tí ó lọ tán, Ojúlówó gbé ìfági, ó sì tún gbé e kalẹ̀. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Òkò tí òun jù láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀ yìí, ó sì mọ orí ẹni tí ó bà.

Ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn ni Nọ́ọ̀sì kọ́ ilé alájà kan fún ara rẹ̀ àti bàbá rẹ̀, tí ó sì fi àtẹ̀gùn lé Ojúlówó lọ́wọ́. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ni ó sọ pé kò sí ẹlòmíràn tí òun yóò gbà kí ó kan igi tí òun yóò máa tẹ̀. Ipele mẹ́tàlá ni. Pákó tí Ojúlówó yà sọ́tọ̀ tó fún méjìlá. Ìkẹtàlá bọ́ dànù nítorí pé ó ní ẹ̀là kan nínú tí ojú kò tètè rí. Ó lọ sí ilé ìlagi, wọ́n ní kí ó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Bẹ́ẹ̀ sì ni Nọ́ọ̀sì ti dá ọjọ́ tí wọn yóò kó wọlé. Ó ku pákó apá kan ṣoṣo ní ìsọ̀, èyí tí wọ́n là láti etí ìtì igi. Ojú rẹ̀ kan pupa, ṣùgbọ́n pupa náà kò nípọn ju ìka kan lọ. Ẹ̀gbẹ́ funfun ni gbogbo ìyókù. Kò lè purọ́ fún ara rẹ̀ pé òun kò rí i. Ó dojú funfun náà délẹ̀, ó po ọ̀dà pupa, ó kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta títí tí kò fi sí ojú tí ó lè dá a mọ̀, ó sì kàn án sí àárín gbùngbùn àtẹ̀gùn, ní ipele keje, níbi tí ẹni tí ó ń gòkè ti ṣíwọ́ àtimáa wolẹ̀, tí ẹni tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í wolẹ̀. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé òun yóò pààrọ̀ rẹ̀ bí pákó bá dé. Pákó dé. Ó fi kan ilẹ̀kùn fún ẹlòmíràn.

Ní ọjọ́ tí iṣẹ́ parí, Ọ̀gá ki áńkáṣífù funfun bọ omi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu àwọn ipele náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé eruku ni ó ń nù. Aró kan wà nínú inú pupa igi apá, tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti ìyeyè; bí omi bá kàn án, yóò jáde díẹ̀díẹ̀ sí ara aṣọ. Bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀gá ṣe ń dá ojúlówó mọ̀ yàtọ̀ sí igi tí a fi ọ̀dà pa lára. Mẹ́tàlá ni ó nù, mẹ́tàlá ni ó fi àmì ìyeyè sí áńkáṣífù. Ó nàró, ó di ẹ̀yìn mú.

"Abẹ́ wọn ńkọ́?"

"Bí ojú wọn ṣe rí náà ni, Ọ̀gá."

"Ó dára. Ẹ̀yìn ń dùn mí, n kò ní bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ tó mi."

Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni Ojúlówó kò lè gbé mì láti ọjọ́ náà wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ kan kì í dá gbé. A máa wá èkejì rẹ̀. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, Nọ́ọ̀sì dá a dúró lójú ọ̀nà, ó ní ìyẹ̀ funfun kan ń dà sí orí àwọn aṣọ ibùsùn tí òun ń kó pamọ́ sínú àlàfo abẹ́ àtẹ̀gùn. Bí òun bá gbá a lónìí, yóò tún wà níbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ojúlówó mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Kòkòrò ajẹgi kì í sọ̀rọ̀, ìyẹ̀ ni ó fi ń kọ lẹ́tà. Àmọ́ ẹnu rẹ̀ ti dáhùn kí ọkàn rẹ̀ tó parí èrò: "Ẹfun ara ògiri ni. Tún ògiri náà kùn." Nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kùn ún, ní ọjọ́ ìsinmi rẹ̀.

Ní Ọjọ́rú, ó gbé irinṣẹ́ àti pákó tuntun lọ sí ilé náà. Ọ̀gá wà lórí àga ní yàrá ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lórí tìmùtìmù, bí ẹrù tí ẹlẹ́rù kò tíì wá gbé. Kò sí fèrèsé níwájú rẹ̀. Èyí ni ohun tí Ojúlówó kọ́kọ́ ṣàkíyèsí. Lókè, tábìlì iṣẹ́ Ọ̀gá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí ó kọjú sí òpópónà, níbi tí ó ti ń tún àga àwọn ará àdúgbò ṣe, tí ó sì ti ń bá káfíńtà gbogbo tí ó bá ń kọjá wí: ẹ wo bí ó ṣe gbé ayùn, ẹ wo férémù tí ó wọ́ bí ẹnu ẹni tí eyín ń dùn. Kóòtù ni àwọn ará òpópónà ń pe fèrèsé náà. Ó ti di ọjọ́ méjìlá tí Kóòtù kò jókòó.

"Ojúlówó ni yẹn?"

"Èmi ni, Ọ̀gá. Ẹ kú ìfarapa. Ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹsẹ̀ wà. Ó wà bí òṣìṣẹ́ tí ó ti fẹ̀yìntì: ó ń jẹun, kò ṣiṣẹ́." Ó tọ́ka sí àtẹ̀gùn láìwò ó. "Má bínú o."

"Kí ni mo fẹ́ bínú sí?"

"Mo ba iṣẹ́ rẹ jẹ́. Ọdún mẹ́jọ, igi náà kò han, kò mì, èmi ni mo lọ wó lù ú. Nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ ní bóyá ipele náà ni kò dára. Mo ní kí ó pa ẹnu rẹ̀ dé. Mo ní apá ni, Ojúlówó ni ó sì kàn án, igi apá kì í já lábẹ́ ẹsẹ̀ ènìyàn. Bí ohun kan bá já, ẹsẹ̀ mi ni." Ó mi orí. "Ohun tí ó ń dùn mí ni pé n kò mọ ìgbà tí ó yẹ̀. Bí ẹni pé ilẹ̀ ni ó lọ. Bí ẹsẹ̀ ènìyàn bá wá lè tàn án jẹ báyẹn, kí ni ó kù tí yóò gbára lé? Dárí jì mí, ọmọ mi."

Ojúlówó ní ọ̀rọ̀ náà ní orí ahọ́n. Ó ti yí i ká bí ẹni tí ó ń yí òkúta ká lẹ́nu. Nígbà tí ó lanu, ohun tí ó jáde ni: "Ẹ má dà á láàmú, Ọ̀gá. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

"O ṣeun. Mo ní nǹkan kan fún ọ." Arúgbó náà na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àga, ó sì gbé ìfági rẹ̀ àtijọ́ jáde, èyí tí ó fi igi apá gbẹ́ fúnra rẹ̀ nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, tí ọwọ́ ọgọ́ta ọdún ti mú kí ó máa dán bí ojú omi. "N kò lè lò ó níbi tí mò ń lọ. Kápẹ́ẹ̀tì ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀ láti ògiri dé ògiri. Ìwọ ni ó tọ́ sí."

Ó gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, nítorí pé kò sí ọ̀nà tí a fi ń kọ irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ láìsọ ìdí.

Lẹ́yìn náà ni ó wọ abẹ́ àtẹ̀gùn pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ọ̀dà pupa náà ṣì wà níbẹ̀, ó ń dán bí ìgbà tí ó kùn ún. Ó fi ìka kan tì í, ìka náà sì wọlé. Awọ ni ó kù. Kò sí ẹran. Kòkòrò ti gbẹ́ gbogbo ẹ̀gbẹ́ funfun náà ní ihò wẹ́wẹ́ títí ó fi dà bí afárá oyin tí kò ní oyin nínú, ìyẹ̀ rẹ̀ sì ń tú jáde sí ara aṣọ Ojúlówó, ó kúná, ó mọ́, ó fúyẹ́. Lórí èyí ni inú pupa fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà ti ń dá gbé ilé kan fún ọdún mẹ́jọ, láìsí olùrànlọ́wọ́. Ibi tí ó ti ṣẹ́ kò ṣòro láti kà: láti ìsàlẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe pé Ọ̀gá ṣubú kí ipele tó ṣẹ́. Ipele ni ó ṣẹ́, Ọ̀gá sì ṣubú.

Ó kó èérún náà sínú àpò. Ó fi pákó tuntun dí àyè rẹ̀, inú pupa láti etí dé etí, láti ojú dé abẹ́, tí kò sí funfun tí ó tó èékánná ọmọ ọwọ́ nínú rẹ̀. Kò tíì kan ipele tí ó dára tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Nọ́ọ̀sì dé láti ibi iṣẹ́, ó fi ọwọ́ pa á, ó sì dúpẹ́.

"Ó mà ṣe," ni ó wí pẹ̀lú ohùn rírẹlẹ̀ kí bàbá rẹ̀ má baà gbọ́. "Àtẹ̀gùn wá le ju ẹni tí ó ni ín lọ."

Ojúlówó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì bá ọ̀nà ilé lọ.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, ìyàwó rẹ̀ ń wá ohun tí yóò fi dáná. Ó fa àpò náà jáde láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó mú ẹyọ pákó kan nínú rẹ̀, ó gbé e sókè, ó sì tún gbé e wálẹ̀. Ọmọ atagi ni obìnrin náà; ó mọ igi nípa ìwúwo rẹ̀ bí ẹlòmíràn ṣe mọ ọmọ rẹ̀ nípa ìró ẹsẹ̀.

"Baba wọn, igi wo nìyí?"

"Apá ni."

"Apá wo? Apá tí ó ń gbààwẹ̀?" Ó yí i padà. Ó rí pupa lójú, ó rí pupa lábẹ́, ó rí ohun tí ó wà láàárín. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Ta ni ó kùn ún?"

Obìnrin náà jókòó sórí àpótí.

"Níbo ni ó ti wá?"

"Láti ilé Ọ̀gá. Ipele keje."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí ẹ̀là inú pákó dé orí ẹfun ògiri. Kò fi ọ̀kan bò. Nígbà tí ó parí, ìyàwó rẹ̀ ń wo ìyẹ̀ tí ó dà sí i lẹ́sẹ̀.

"Bí o bá sọ ọ́," ni ó wí, "ọ̀la ni gbogbo òpópónà yóò gbọ́. Orúkọ iwájú ìsọ̀ yẹn, wọn yóò máa fi ṣe ẹ̀fẹ̀ ni."

"Mo mọ̀."

"Èmi náà yóò jẹ nínú ìtìjú rẹ̀, n kò sì mọ ibi tí wọ́n ti po ọ̀dà."

"Mo mọ̀, Ìyá wọn."

"Má fi 'mo mọ̀' pa mí. Ohun tí n kò mọ̀ ni mo ń bi ọ́. Ọ̀gá ń lọ lọ́la nítorí pé ó rò pé ẹsẹ̀ òun ti kú. Ẹsẹ̀ náà ti kú ni?"

"Rárá."

"Ẹni mélòó ni ó mọ̀ pé kò tíì kú?"

Obìnrin náà dìde, ó kó gbogbo èérún padà sínú àpò, ó sì so ẹnu rẹ̀.

"N kò ní fi èyí dáná," ni ó wí. "Lọ wá igi mìíràn fún mi."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, mọ́tò ti dúró ní iwájú ilé nígbà tí Ojúlówó dé. Àpótí aṣọ méjì ti wà nínú rẹ̀. Awakọ̀ ń tì wọ́n mọ́ra kí àga kékeré kan lè rí àyè. Ọ̀gá wà lórí àga rẹ̀, ó ti wọ bàtà, fìlà sì wà lórí itan rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ń di okùn bàtà náà. Ojúlówó kọ̀ láti gba àga. Ó jókòó sílẹ̀ ní iwájú arúgbó náà, bí ó ti máa ń jókòó nígbà tí ó ń kọ́ṣẹ́. Ó gbé ìfági sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó tú àpò, ó sì gbé ìdajì ipele keje lé Ọ̀gá lọ́wọ́.

Lójú ọ̀nà, ó ti to ọ̀rọ̀ tí yóò sọ. Kò nílò ọ̀kan nínú wọn. Ọwọ́ Ọ̀gá ti wọn ìwúwo igi náà, ó sì ti dúró. Ó gbé e súnmọ́ imú. Ó fi èékánná ha abẹ́ rẹ̀. Ọ̀dà ṣí kúrò bí èèpo egbò, ìyẹ̀ sì dà sórí fìlà.

"Bu omi wá fún mi, Nọ́ọ̀sì."

Ó fa áńkáṣífù yọ láti àpò, ó rì í bọ inú ife, ó nu ojú igi náà: ìyeyè. Ó yí i, ó nu abẹ́ rẹ̀: áńkáṣífù náà pọ́n bí ètè.

"Ọdún mẹ́jọ," ni Ọ̀gá wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá."

"Ṣé wọ́n tà á fún ọ bẹ́ẹ̀ ni, àbí ìwọ ni o kùn ún?"

"Èmi ni mo kùn ún. Pákó kò tó. Mo dojú funfun délẹ̀, mo sì sọ fún yín pé bí ojú rẹ̀ ṣe rí ni abẹ́ rẹ̀ rí. Òun ni ó ṣẹ́ mọ́ yín lẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ yín kò yẹ̀."

Nọ́ọ̀sì ti gbé ife kalẹ̀. "Ìyẹ̀ tí ó ń dà sí orí aṣọ mi."

"Òun ni."

"Ẹ ní ẹfun ni. Ẹ ní kí n kun ògiri." Kò gbé ohùn sókè, bí ó bá gbé e sókè, ìbá rọ Ojúlówó lọ́rùn. "Mo wà lórí àkàbà, mò ń kun ògiri, kòkòrò ń jẹ ilé mọ́ bàbá mi lẹ́sẹ̀. Ẹ sì kọjá lójú fèrèsé lọ́jọ́ náà. Ẹ kí mi kú iṣẹ́."

Òótọ́ ni. Ó ti gbàgbé èyí, nígbà tí ó sì rántí rẹ̀, kò mọ ibi tí yóò fi ojú sí.

"N kò bínú nítorí pákó," ni Ọ̀gá wí. "Pákó lè má tó ẹnikẹ́ni. Bí o bá wá bá mi, n bá ní kí o kan ipele méjìlá, kí a máa fo ìkan títí pákó yóò fi dé. Ṣùgbọ́n o wà níbí ní Ọjọ́rú. Mo bẹ̀ ọ́. Ènìyàn tí ó ti pé ọgọ́rin ọdún, mo ní kí o dárí jì mí, o sì jẹ́ kí n bẹ̀ ọ́." Ó fi igi náà sílẹ̀ lórí itan. "O tilẹ̀ dárí jì mí."

"Méjìlá yòókù, inú pupa ni gbogbo wọn, Ọ̀gá. Mo fi—"

"Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ tún ni yẹn."

Arúgbó náà gbé ọwọ́ lé apá àga méjèèjì. Nọ́ọ̀sì súnmọ́ ọn. Ọ̀gá mi orí fún un. Ó dìde. Ó mì díẹ̀, bí ilẹ̀kùn tí a kò ṣí fún ọjọ́ pípẹ́, ó sì nàró. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tí ó fẹ̀sùn olè kan ọmọ inú ilé, tí ó wá rí ohun tí ó sọnù nínú àpò àlejò. Kò di ògiri mú. Ó rìn lọ sí àlàfo abẹ́ àtẹ̀gùn, ó tún ki áńkáṣífù bọ omi, ó sì bẹ̀rẹ̀, ohun tí kò ṣe ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Wọ́n ń gbọ́ bí ó ṣe ń mí. Wọ́n ń gbọ́ ìró ìka rẹ̀ lábẹ́ ipele kọ̀ọ̀kan, kó, kó, lẹ́yìn náà ìró aṣọ tútù. Awakọ̀ yọjú láti ẹnu ọ̀nà, ó rí ojú wọn, ó sì padà.

Nígbà tí Ọ̀gá jáde, ìyeyè ti bo áńkáṣífù náà. Ó fi í han Nọ́ọ̀sì, kò fi í han Ojúlówó.

"Ní kí wọ́n sọ ẹrù mi kalẹ̀," ni ó wí.

Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó sì ń gòkè. Ó ń tẹ ipele kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó gbé ara lé e: ìkínní, ìkejì, ìkẹta. Ní ìkeje ó dúró. Ojúlówó, tí ó ṣì wà nílẹ̀, ń retí kí ó tẹ̀ ẹ́, nítorí pé bí ó bá tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sọ òtítọ́ fún un nípa igi náà. Ọ̀gá fi ọ̀pá kàn án. Lẹ́yìn náà ni ó di igi ìdìmú mú ṣinṣin, ó na ẹsẹ̀ ọgọ́rin ọdún náà gùn ju bí dókítà yóò ti fẹ́ lọ, ó sì fò ó.

A gbọ́ ohùn rẹ̀ láti òkè. "Ojúlówó."

"Ọ̀gá."

"Fi ìfági mi sílẹ̀ níbẹ̀."

Ó gbé e sí orí ipele kìíní, jẹ́jẹ́, ní ìdùbúlẹ̀, kí ẹnu irin rẹ̀ má baà fara kan nǹkan, gẹ́gẹ́ bí arúgbó náà ti kọ́ ọ. Nọ́ọ̀sì wá gbé e. Kò wo Ojúlówó, kò sì bú u. Ó gba orí àtẹ̀gùn lọ bí ẹni tí ó ń kánjú lọ sẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé ipele kẹfà ó gbé aṣọ sókè díẹ̀, ó sì gba ibẹ̀ bọ́ sí ìkẹjọ.

Ojúlówó kó èérún igi padà sínú àpò. Ní ìta, awakọ̀ ń kùn pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ di ẹrù náà tán ni. Láti òkè, fèrèsé ṣí; lẹ́yìn náà ni ìró ìfági bẹ̀rẹ̀, ó ń lọ, ó ń bọ̀, lórí pákó tí Ojúlówó kò lè rí. Ó tún wo ipele keje lẹ́ẹ̀kan sí i kí ó tó jáde, inú pupa láti etí dé etí, èyí tí ó dára jù nínú gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Kò sí àmì ẹsẹ̀ kankan lórí rẹ̀.